Ásùlù Tó Ń Kùn Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ́ìlì

Bí ẹ̀yìn mọ́tò asáré tó fúyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń kọ́kọ́ sáré lọ. Wọ́n á ra èyí tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹnì kan á ní kí wọ́n da ìyẹ̀fun pákó sínú dífù (àpótí gíà tó wà láàárín ásùlù ẹ̀yìn, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà méjèèjì), ẹlòmíì á ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí wọ́n gún sí i. Mi ò ṣàwàdà. Àwa tá à ń ṣí dífù là ń bá a níbẹ̀. Ariwo á rọlẹ̀ lóòótọ́, torí ìdọ̀tí náà ti há sáàárín eyín gíà, ó sì ti dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé bẹ́rìn. Kò ní pẹ́ tí bẹ́rìn píníọ̀n (gíà kékeré tó ń yí kráùn, gíà ńlá inú dífù) á fi gbẹ, tí á sì jó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Iṣẹ́ dífù, iṣẹ́ wíwọ̀n ni. Ohun tó kúrò ní àyè rẹ̀ tó wá di ariwo lè má ju 0.1 mm lọ. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, ọ́ìlì kò sì lè dí i.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i dáadáa. Ẹ wa mọ́tò náà lójú títì tó tẹ́jú, ẹ fún un níná, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà kí ẹ kàn di eré kan mú. Ohùn tín-ín-rín tó ń ṣe wíìì, tó ń yí padà bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń yí padà, ti eyín kráùn àti píníọ̀n ni. Gbùùù tó ń lọ láìdáwọ́ dúró, tí kò bìkítà bóyá ẹ tẹ iná tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ti bẹ́rìn ni. Bí gbùùù náà bá le sí i nígbà tí ẹ ya sí ọwọ́ kan, tó sì rọ̀ ní ọwọ́ kejì, bẹ́rìn ẹsẹ̀ táyà ni, ẹ má fọwọ́ kan dífù rárá. Èyí tó bá ń yí ohùn padà nígbà tí ojú títì yí padà, táyà fúnra rẹ̀ ló ń ké. Gbàgà kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá tẹ iná lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lè wá láti jọ́íǹtì púrọ́pẹ́là (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì wá sí dífù), láti búṣì ọ̀pá tó di ásùlù mú, tàbí láti wáṣà tó wà lẹ́yìn gíà kéékèèké inú dífù.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín bẹ́rìn píníọ̀n àti bẹ́rìn ẹ̀gbẹ́ kráùn inú dífù. Ní 100 km/h lórí táyà 13 inches, táyà ń yí bí ìgbà 950 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìpín dífù (iye ìgbà tí píníọ̀n ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) bá jẹ́ 3.9, píníọ̀n ń yí bí ìgbà 3,700 ní ìṣẹ́jú kan náà. Nítorí náà bẹ́rìn píníọ̀n máa ń dún lóhùn òkè, bẹ́rìn ẹ̀gbẹ́ kráùn máa ń dún lóhùn ìsàlẹ̀ bí ti ẹsẹ̀ táyà.

Ẹ tún rántí irú mọ́tò tí ẹ ń wà. Lotus Seven, àti Caterham tó gbà á ní 1973, wúwo tó nǹkan bí 500 kg. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kò sí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ásùlù. Bí ẹ bá yọ búṣì rọ́bà, tí ẹ fi jọ́íǹtì irin rọ́pò rẹ̀, kíkùn tí rọ́bà ti ń gbé mì tẹ́lẹ̀ á wọ inú férémù tààrà. Onímọ́tò á wá sọ pé ẹni tó yí búṣì ló ba dífù òun jẹ́. Bákan náà ni ẹni tó rẹ mọ́tò sílẹ̀, tó sì fi gígùn ọ̀pá ásùlù ṣeré. Igun jọ́íǹtì iwájú àti ti ẹ̀yìn púrọ́pẹ́là gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọ̀kan máa pa ti èkejì rẹ́. Bí imú píníọ̀n bá gbójú sókè tàbí tó dorí kodò, púrọ́pẹ́là á máa gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì ní gbogbo ìyípo kan. Ẹ lè pààrọ̀ dífù mẹ́ta, gbígbọ̀n yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ ti rí i dájú pé dífù ni. Ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kí ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì ìdérí ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó kúnná kò burú. Irin wẹ́wẹ́ tó ń dán, tí èékánná lè mú, bẹ́rìn tàbí eyín ló ń já. Bí a ṣe ń yọ búrékì, ṣáfùtì (ọ̀pá tó ń yí táyà) àti púrọ́pẹ́là, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń ṣí dífù.

Kí ẹ tó tú bóòtù kankan nínú, ẹ wọn àyè tó wà láàárín eyín. Ẹ gbé dial gauge (aago tó ń wọn ìṣísẹ̀ kéékèèké) lé ẹ̀gbẹ́ eyín kráùn kan kó dojú kọ ọ́ tààrà, ẹ di píníọ̀n mú gírígírí, ẹ mi kráùn síwá sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ásùlù kékeré, 0.10 sí 0.18 mm ló yẹ kó wà; iye tó wà nínú ìwé mọ́tò yín ni àṣẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin yípo. Bí ìyàtọ̀ ibi kan sí ìkejì bá ju 0.05 mm lọ, kráùn kò jókòó dáadáa tàbí ó ti tẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi àmì sí ìdérí bẹ́rìn ọ̀tún àti ti òsì, torí ara ilé tí wọ́n wà ni wọ́n ti gbẹ́ ihò wọn. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn fún ara wọn, bẹ́rìn tuntun ò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́.

Kráùn àti píníọ̀n, ilé-iṣẹ́ ló lọ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Tọkọtaya ni wọ́n. Ẹni tó mú kráùn látinú àlòkù kan, tó mú píníọ̀n látinú òmíràn, ariwo ló fowó rà. Ohun kan tún wà tí àwọn mẹkáníìkì tó yẹ kó mọ̀ kì í mọ̀: eyín tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ti jẹ ojú ara rẹ̀ mọ́ ibì kan. Bí bẹ́rìn nìkan lẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ibi tí eyín ti ń fara kan ara wọn tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dá a padà sí, kódà bí kò bá rẹwà. Ẹ dá ṣíìmù píníọ̀n àtijọ́ (ọ̀rùka pẹlẹbẹ tó ń pinnu ibi tí píníọ̀n jókòó sí) padà. Ẹni tó bá gbé eyín ògbólógbòó sí ojú tuntun nítorí pé àwòrán inú ìwé sọ bẹ́ẹ̀, dífù tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bí ó bá sì jẹ́ pé eyín gan-an ló ti jẹ, kò sí ṣíìmù tó lè wò ó sàn. Tuntun ni kí ẹ rà.

Eyín tuntun la máa ń kùn lọ́dà. Ẹ fi ọ̀dà àmì kun eyín kráùn márùn-ún tàbí mẹ́fà níhà méjèèjì, kí ó fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi igi tẹ kráùn kó lè le díẹ̀ láti yí, ẹ wá yí píníọ̀n síwájú àti sẹ́yìn. Láìsí ìnira yẹn, ojú tí ọ̀dà máa fi hàn yín á jẹ́ irọ́. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín, kó sún díẹ̀ sí ìpẹ̀kun inú. Bí ó bá gun ẹnu eyín, píníọ̀n jìnnà jù: ẹ fi ṣíìmù tó nípọn díẹ̀ sẹ́yìn orí rẹ̀. Bí ó bá wọ ìdí eyín, píníọ̀n ti sún mọ́ ọn jù: ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ sí i. Bí ó bá lọ sí ìpẹ̀kun inú pátápátá, ẹ sún kráùn sẹ́yìn kí àyè eyín pọ̀ sí i; bí ó bá lọ sí ìpẹ̀kun ìta, ẹ sún un súnmọ́. Ìṣísẹ̀ 0.05 mm ni kí ẹ máa gbé, kí ẹ sì tún àyè eyín wọ̀n ní gbogbo ìgbà, torí bí ẹ ṣe ń ṣí èkíní ni èkejì ń yí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ lè tú u kó tó jókòó. Ẹ lọ ihò inú bẹ́rìn àlòkù kan kó fẹ̀ díẹ̀, kó lè máa wọlé máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, òun ni kí ẹ fi dán an wò, kí ẹ tó fipá ti tuntun wọlé.

Bẹ́rìn tuntun, ẹ gbé e sínú ọ́ìlì gbígbóná tàbí ààrò ní nǹkan bí 100 °C, á yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má fi iná gáàsì kàn án, ẹ má sì fi òòlù lu ojú rẹ̀. Kráùn náà, ẹ mú un gbóná díẹ̀ kó lè jókòó lórí kérìà, irin tó gbé e dání. Ẹ má fi bóòtù fà á wọlé, torí á tẹ̀. Ẹ fọ ọ̀nà bóòtù kí ọ́ìlì kankan má ṣe kù níbẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù bóòtù sí i, kí ẹ sì máa fún wọn le ní òdìkejì-òdìkejì.

Ìfúnpọ̀ bẹ́rìn píníọ̀n ló ń pa dífù jù lọ. Láàárín bẹ́rìn méjèèjì tó di píníọ̀n mú ni crush sleeve wà, páìpù kékeré tí nọ́ọ̀tì píníọ̀n ń rún díẹ̀díẹ̀ kí bẹ́rìn lè fún bó ṣe yẹ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rún, nọ́ọ̀tì lè gba ju 200 N·m (ìwọ̀n agbára ìyí) lọ. Lẹ́yìn náà, ìyípo tó kéré jọjọ ló kù kó bàjẹ́. Ẹ máa yí i díẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún yí i díẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bẹ́rìn tuntun nínú ọ̀pọ̀ ásùlù kékeré ń fẹ́ 1.5 sí 2 N·m láti yí píníọ̀n nígbà tí kráùn kò tíì sí níbẹ̀. Bẹ́rìn àlòkù ń fẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára ìyí) kékeré, ẹ wé okùn mọ́ fúlánjì, irin tí púrọ́pẹ́là so mọ́ lórí píníọ̀n, ẹ so òṣùwọ̀n olókùn-irin mọ́ ọn, kí ẹ fà á. Bí ó bá jẹ́ 50 mm ló wà láti àárín fúlánjì sí ibi tí okùn wà, fífà 3 kg jẹ́ nǹkan bí 1.5 N·m. Bí ẹ bá ti kọjá iye tí ẹ ń wá, ẹ má dá nọ́ọ̀tì padà. Sleeve tó ti rún kì í nà padà. Tuntun ni kí ẹ fi sí i.

Àtúnṣe tó wúlò jù fún ẹni tó ń tẹ mọ́tò rẹ̀ kíkan ni kó yọ sleeve yẹn dànù, kó fi ọ̀rùka líle àti ṣíìmù rọ́pò rẹ̀. Ó ń gba sùúrù láti tò, àmọ́ lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì á le dan-in, ìfúnpọ̀ ò sì ní yẹ̀ mọ́.

Ní ti ìpín, 4.4 dípò 3.9 á mú kí mọ́tò tètè gbéra, ṣùgbọ́n ní 100 km/h yẹn ẹ́ńjìnnì á gùn láti 3,700 sí nǹkan bí 4,200 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá wà ní gíà tí ẹ́ńjìnnì àti púrọ́pẹ́là ti ń yí dọ́gba. LSD (dífù tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán) aláwo ń fẹ́ ọ́ìlì tó ní èròjà tirẹ̀, ó sì máa ń gbọ̀n kẹ́kẹ́kẹ́ ní ìyànà tó há. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. LSD onígíà dákẹ́, ó sì bá mọ́tò ojú títì mu, àmọ́ bí táyà kan bá kúrò nílẹ̀ pátápátá, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó ní Mazda MX-5 1.6 àtijọ́, dífù rẹ̀ kéré, ti 1.8 tó jáde ní 1994 tóbi jù ú, ṣùgbọ́n ṣáfùtì àti púrọ́pẹ́là tó bá a mu ni kí ẹ jọ gbà pọ̀. Àwọn tó ń fi wẹ́dà lẹ gíà inú dífù pọ̀, tí wọ́n ń pè é ní LSD ọ̀fẹ́, ṣáfùtì tó ṣẹ́ ni wọ́n ń rà. Kí ẹ sì tó fi agbára kún un, ẹ wo ara ásùlù. Lotus Seven Series 2 so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilé dífù. Ilé náà ń yí, ọ́ìlì ń jò, dífù ń ṣiṣẹ́ lórí òùngbẹ títí tó fi há. Irin ìfúnnilókun lábẹ́ ásùlù ni wọ́n fi ń wò ó.

GL-5, irú ọ́ìlì gíà kan, ni ọ́ìlì dífù, títí dé ètè ihò tí a ń gbà bu ọ́ìlì sí i nígbà tí mọ́tò bá dúró dọ́gba. Ẹ má da agolo kan náà sínú gíábọ́ọ̀sì láìwo ìwé rẹ̀. Ẹ ṣí ihò èémí ásùlù, torí bí ó bá dí, síìlì ni atẹ́gùn á tì jáde. Eyín tuntun, ẹ wà á bí ogún ìṣẹ́jú láìfi agbára jù ú, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún wà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì da ọ́ìlì náà nù ní 800 km.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ kò lè ṣàìjáde: síìlì píníọ̀n. Ó ń jò, wọ́n á gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtú nọ́ọ̀tì oníatẹ́gùn. Á tú nọ́ọ̀tì, á fi síìlì tuntun, á wá fún nọ́ọ̀tì padà ní trrrr títí apá ẹ̀rọ fi kọ̀. Sleeve ti rún kọjá ààlà nìyẹn, bẹ́rìn sì ti fún pa. Lórí eré gíga, bẹ́rìn tó jó lè há píníọ̀n, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á dúró gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò 500 kg tí ẹ̀yìn rẹ̀ há ní 100 km/h, ìdarí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe sí i.

Ẹ yọ ṣáfùtì méjèèjì, ẹ wọn agbára tó ń yí píníọ̀n kí ẹ tó tú u, ẹ fi àmì sí nọ́ọ̀tì, fúlánjì àti orí píníọ̀n. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dá a padà sí àmì náà, díẹ̀díẹ̀, títí iye náà fi padà, pẹ̀lú nǹkan bí 0.3 N·m lé e nítorí síìlì tuntun. Bí kò bá sí ohun ìwọ̀n lọ́wọ́, ẹ fi síìlì tó ń jò náà sílẹ̀, kí ẹ máa bu ọ́ìlì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹni tó ní in.