Bí Kíka Òṣìṣẹ́ Ìgbà Díẹ̀ Ṣe Di Àmì Ọrọ̀ Ajé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Ìbàdàn, àwọn alágbàṣe ti máa ń wà ní oríta pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti pánù wọn. Bí ọkọ̀ kan bá rọra dúró, wọ́n á rọ́ yí i ká: “Ọ̀gá, èèyàn mélòó lẹ fẹ́ mú?” Lásìkò tí ilé kíkọ́ ń lọ déédéé, kì í tó aago mẹ́jọ tí oríta á fi dá. Bí owó bá há, oòrùn á kàn wọ́n lórí níbẹ̀, owó iṣẹ́ òòjọ́ á sì máa já wálẹ̀. Àwọn bíríkìlà àti àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù máa ń ṣọ́ oríta yìí, torí ó ń sọ bí ìgboro ṣe rí fún wọn kí ìwé ìjọba kankan tó jáde.

Lóko, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kò ní owó nínú. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ń fi iṣẹ́ rọ́pò èlé owó tí wọ́n yá. Kòkó ló mú kí alágbàṣe pọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn. Tí ìkórè bá dé, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kìíní, àgbẹ̀ nílò ọwọ́ láti já kòkó, láti fọ́ ọ, láti sá a. Tí ìkórè bá tán, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, kò sí bí àgbẹ̀ ṣe lè lé ọmọ ilé rẹ̀ kúrò lóko, àmọ́ ó lè sọ fún alágbàṣe pé kó má wá mọ́. Ẹni tí kò ní ìdè ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló ń kọ́kọ́ jáde. Orí ìyẹn ni gbogbo ìṣirò òde òní dúró lé.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ kíka irú òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ di iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ní 1946, Russell Kelly ṣí ọ́fíìsì kan ní Detroit, kí àwọn oníṣòwò lè máa gbé iṣẹ́ títẹ̀ àti ìṣirò wá bá a. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ní kó kúkú máa rán àwọn òṣìṣẹ́ náà sí àwọn. Ní 1948, agbẹjọ́rò méjì ní Milwaukee, Elmer Winter àti Aaron Scheinfeld, dá Manpower, ilé iṣẹ́ tó ń fi òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́, sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ẹjọ́ kan ká wọn mọ́ tí wọn kò sì rí ẹni bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ní 1962, Manpower bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn agbanisíṣẹ́ bóyá wọ́n máa gba èèyàn sí i ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ tàbí wọ́n máa dín wọn kù. Bureau of Labor Statistics, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ti wà láti 1884, náà wá ya òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìkà oṣooṣù rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí lọ sẹ́yìn dé 1990.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ló sọ ọ́ di àmì. Iye òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ní Amẹ́ríkà dé òkè ní 2000, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2001. Ó tún dé òkè ní 2006, ó yí padà, ìfàsẹ́yìn ńlá sì wọlé ní oṣù Kejìlá 2007. Nígbà tí ara fẹ́ yá, ó ti ń gòkè kí 2009 tó parí, nígbà tí àpapọ̀ iṣẹ́ ṣì ń dín kù títí wọ 2010. Agbanisíṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ kì í fẹ́ kọ ìwé tó máa mú un san owó ìfẹ̀yìntì. Ó máa ní kí ẹ́jẹ́ǹtì fi èèyàn mẹ́wàá ránṣẹ́ fún oṣù méjì. Bí ọjà bá kùtà, ìpè kan lórí fóònù ti tó.

Àmì náà ti tan èèyàn rí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, iye wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2, láàárín ọdún méjì tó tẹ̀lé e, ó ju 400,000 lọ tó dín kúrò nínú rẹ̀, ìfàsẹ́yìn kò sì dé.

Ní Ìbàdàn, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni àmì náà ti máa ń dojú rú. Láti ìgbà ètò SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, ní 1986 ni káṣúà àti kọ́ńtíráàtì ti gbilẹ̀. Ẹ máa rí bàbá tó wọṣẹ́ káṣúà nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí ọmọ náà ti ń múra WAEC báyìí, tí bàbá ṣì jẹ́ káṣúà. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ ti kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó dùn mí pé èèyàn á ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ láìní ìwé lọ́wọ́, ó sì tún ń ba ìkà jẹ́: bàbá yìí kò sọ nǹkan kan nípa ọjà ti ọdún yìí, síbẹ̀ wọ́n á kà á mọ́ ẹni tí wọ́n gbà lánàá. Ìyá olóúnjẹ tó ń tà lẹ́nu géètì mọ ìyàtọ̀ wọn. Orúkọ àwọn àtijọ́ wà nínú ìwé àwìn rẹ̀; àwọn tuntun ní láti kówó sílẹ̀ kó tó bu ìrẹsì fún wọn. Bí ojú tuntun bá ń pọ̀, ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ń rí ọjà tà, òun náà á fi kún ìkòkò.

Ìṣirò ìjọba kò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2023, NBS, ilé iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, yí ọ̀nà rẹ̀ padà sí ìlànà àgbáyé: ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ fún owó tàbí èrè ti níṣẹ́. Àìríṣẹ́ṣe tó jẹ́ 33.3% ní ìparí 2020 wá di 4.1% ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023. Ìwé kan náà sọ pé 92.6% àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí lákọọ́lẹ̀, àti pé 11.8% péré ló ń ṣiṣẹ́ gbowó lábẹ́ ẹlòmíì. Alágbàṣe tó rí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan, tó dúró lásán láti Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta, ti níṣẹ́ nínú ìwé yẹn.

NISER, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní University College Ìbàdàn ní 1950, kò jìnnà sí àwọn oríta yìí, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò UI náà kò jìnnà. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n máa gbé jáde lóṣooṣù. Ní oríta: nínú ọjọ́ tí ẹ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ rí iṣẹ́? Lẹ́nu géètì: láti ọdún wo lẹ ti ń ṣe káṣúà níbí?