Ìdí tí ọ̀pá ìmí fi gbọ́dọ̀ kúrú

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn kọ́kọ́ rí ọ̀pá tí àwọn tó ń wo ẹja lójú òkun fi ń mí, kí ó má bèèrè ìdí tí ó fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá náà kì í sábà gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹni tó ń lò ó á dojú bolẹ̀ lórí omi, á fi eyín di ìdí ọ̀pá mú, ọ̀pá á gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ á sì yọ díẹ̀ sókè omi. Lójú ará Èkó tó mọ̀ pé kò sí ọjà tí wọn kì í ti í gé róbà omi tà ní mítà-mítà, ojútùú rẹ̀ kò le rárá: kí á ra róbà mítà 3, kí á so orí rẹ̀ mọ́ ohun tó ń léfòó, kí á fi ìdí rẹ̀ sẹ́nu, kí á sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ẹja nílé wọn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi rí nígbà èwe kò ní rí ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe. Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí, ó sì lè pa ènìyàn, nítorí náà ó yẹ kí á fara balẹ̀ tú u palẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù kò nílò àlàyé púpọ̀. Awò tí a ń dè mọ́ ojú àti imú ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sáàrin ojú àti omi, nítorí pé ojú ènìyàn kò lè ríran kedere bí omi bá fara kàn án tààrà. Òun náà ló ń mú kí ẹja dà bí ohun tó fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bó ṣe rí lọ. Bàtà tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ń ti omi sẹ́yìn kí ènìyàn lè máa lọ síwájú. Lára ọ̀pá ìmí ni ọ̀rọ̀ wà.

Omi ní ìwúwo. Ní mítà 1 péré sí ìsàlẹ̀, ó ti ń fi nǹkan bí 100 gíráàmù tẹ gbogbo ojú ara tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó. 100 gíráàmù kò jẹ́ nǹkan kan lórí ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ka àyà àti ikùn, tó gbọ́dọ̀ wú kí ènìyàn tó lè mí sínú, sí 1000 irú ojú bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ di 100 kílò, ìyẹn àpò ìrẹsì ńlá méjì. Alábàárù tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ní Ìdúmọ̀tà lè fi orí ru àpò kan kọjá láàrin èrò. Kò sí ẹni tó lè fi egungun ìhà gbé méjì sókè nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, kí ó sì tún ráyè wo ẹja. Nígbà tí wọ́n bá wọn agbára tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi fa èémí sínú, pẹ̀lú gbogbo ipá rẹ̀, kì í ju ohun tí omi mítà 1 fi ń tẹ ara lọ púpọ̀, kò sì lè ṣe é ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Àwọn kan á wá bèèrè pé, ẹni tó di èémí mú, tó sì rì lọ sí mítà 5, kí ló dé tí àyà tirẹ̀ kò fọ́? Ibí gan-an ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nínú àpò píọ́wọ́tà. Àpò kan ní 20 ọ̀rá nínú. Ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń ru gbogbo èyí tó kù, ẹni tó ń tà á tún lè jókòó lé e lórí, kò sì ní bẹ́, nítorí pé ẹnu rẹ̀ dí: bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti òde ni ohun tó wà nínú rẹ̀ ń tì pa dà. Ṣùgbọ́n kí á fi eyín já igun rẹ̀ kan, bí a ti máa ń ṣe nínú dáńfó nígbà tí oòrùn bá mú, títẹ̀ díẹ̀ ti tó kí omi rẹ̀ tú yàà sára aṣọ.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó di èémí mú ni ọ̀rá tí a kò tíì já. Bí ó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, omi ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń le sí i títí yóò fi lè ti omi pa dà. Ní mítà 10, àyè tó ń gbà yóò ti dín kù sí ìdajì bó ṣe wà lójú omi. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó fi róbà gígùn sẹ́nu ni ọ̀rá tí a ti já nígun. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò lè le ju ti òkè omi lọ, nítorí pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni omi ìsàlẹ̀ kò dẹwọ́. Afẹ́fẹ́ á gba inú róbà sá lọ sókè, àyà á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ láti apá àti ẹsẹ̀ wá sínú àyà láti dí àyè tó ṣófo, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ká tilẹ̀ ní omi kì í tẹ ẹnikẹ́ni, róbà gígùn kò ní ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ọ̀rá píọ́wọ́tà kan náà ló sì tún lè fi ìdí rẹ̀ hàn. 500 mílílítà ló ń gbà, ó sì jọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí àgbàlagbà ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Nínú 500 yìí, nǹkan bí 150 kì í kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Kì í dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn. Ọ̀pá ìmí 40 sẹ̀ǹtímítà, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ń gba nǹkan bí 125 mílílítà, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mí jáde ló sì kún inú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ pa dà wọlé. Ohun tó ṣẹ́ kù ní afẹ́fẹ́ tuntun jẹ́ 225. Èyí tó fún ẹni tó dojú bolẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú omi, pàápàá bí ó bá ń mí jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí èémí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju 300 mílílítà lọ, 25 péré ló ń rí gbà nínú rẹ̀. Òun gan-an sì ni yóò rò pé ọ̀pá náà ló dí. Ní ti róbà mítà 1 tí ihò rẹ̀ kò yàtọ̀, ó ju 310 mílílítà lọ nínú. Bí a bá fi 150 ti ọ̀fun kún un, tí a sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá omi kan, ohun tó kù kò tó kún ẹnu. Róbà mítà 3 ń gba ju 900 lọ: ẹni tó bá ń fi í mí bí ó ti máa ń mí kò ní rí nǹkan mìíràn gbà ju èémí ara rẹ̀ tó ti mí jáde tẹ́lẹ̀. Bí a bá sì ní kí ihò róbà fẹ̀, àlòkù inú rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí a bá ní kí ó tín-ín-rín, fífà rẹ̀ á le. Ọ̀nà méjèèjì dí, èyí ló sì mú kí ọ̀pá kékeré yìí jẹ́ ohun ìwúrí: ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló gé e sí ìwọ̀n.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́rìí sí èyí wà lórí ọ̀sà Èkó. Àwọn tó ń wa yanrìn níbẹ̀ máa ń ki àkàbà bọ omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á di korobá mú, wọ́n á gba èémí kan sínú, wọ́n á sì tẹ̀ lé àkàbà náà lọ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń gbé wá mú kí omi ọ̀sà ṣú débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá yanrìn náà kiri, kì í ṣe ojú. Bí ó bá ṣe pé róbà gígùn lè ṣe ènìyàn lóore nísàlẹ̀ omi, ta ni ì bá ti lò ó ṣáájú wọn? Èémí tí wọ́n dì mú, tí ẹnu rẹ̀ dí, ni wọ́n ń gbé lọ, wọ́n sì ń gbé e pa dà wá sókè. Ọ̀wọ̀ tó yẹ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lára ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ mímí nísàlẹ̀ omi ni ẹ̀rọ tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1943. Àgbá afẹ́fẹ́ ni ènìyàn ń gbé sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà sì ń fún un ní afẹ́fẹ́ tó le tó bí omi tó yí i ká ṣe ń tẹ̀ ẹ́, èyí tó dà bí ìgbà tí a tún rán igun ọ̀rá tó já. Ohun mìíràn pátápátá nìyẹn, ó sì ní ẹ̀kọ́ àti ewu tirẹ̀.

Ẹni tó ń lo ọ̀pá ìmí ń gbé ní àárín òkè omi àti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹranko òkun kan ti máa ń wá pàdé rẹ̀. Omi tó mọ́ ni a nílò láti rí wọn, nítorí náà ará Èkó tó bá ní ìfẹ́ sí èyí lè wo ọ̀nà àwọn erékùṣù bí Sao Tome àti Principe, tí òkè ayọnáyèéfín gbé jáde nínú òkun kan náà tó ń fọ́ sí etíkun wa, tí àwọn ìjàpá òkun sì ń jẹun létí wọn. Ìjàpá òkun ń gun etíkun Èkó náà láti yé ẹyin, ṣùgbọ́n inú omi tó mọ́ la ti lè rí i bó ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ ni òun náà ń mí, bíi tiwa. Á yọ orí sókè, á tú èémí jáde, á sì fà mìíràn sínú kí ènìyàn tó ka èjì, ní èémí kan ṣoṣo tó ń pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́ sinmi, ó lè pẹ́ fún wákàtí kan sí méjì nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní aláwọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò le bí igbá, lè rì kọjá mítà 1000. Inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara ló ń kó ọ́síjìn pamọ́ sí, ó sì ń jẹ́ kí omi fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pọ̀ láìjà. Nítorí èémí kan yìí, kò yẹ kí òmùwẹ̀ léfòó sí òkè rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni kí á ti máa wò ó, kí ọ̀nà rẹ̀ sí òkè omi má baà dí.

Ènìyàn náà lè mòòkùn tẹ̀ lé e díẹ̀, bí ó bá ti sinmi tó, tí kò sì kọ́kọ́ mí kíákíá léraléra. Ohun tó ń mú kí èémí ká wa lára kì í ṣe ọ́síjìn tó dín kù bí kò ṣe kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì tó ń pọ̀. Ẹni tó bá fi ìmí kíákíá gbá a jáde tán kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ ara rẹ̀, ó sì lè dákú sínú omi láìmọ̀. Nígbà tó bá mòòkùn, ọ̀pá á kún fún omi. Bí ó bá ń gòkè bọ̀, á gbójú sókè títí orí ọ̀pá yóò fi dorí kodò lẹ́yìn rẹ̀, á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ iná àbẹ́là pa. Bó ṣe ń gòkè ni omi ń dẹwọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ náà ń wú, ó sì ń ti omi jáde nínú ọ̀pá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fẹ́ ẹ. Kí orí tó yọ, kí ojú tó tún dojú kọ ìsàlẹ̀, ọ̀pá ti ṣófo, ó sì ti ṣeé mí.