Ọ̀rọ̀ tí kò lè wá iṣẹ́ fún ẹni tó ń ta ìmọ̀

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àgúnmu kan ń wo ibà, inú rírun àti ẹ̀yìn ríro pọ̀, ẹni tí ẹ̀yìn ń ro gan-an kò ní fọkàn sí i. Irú gbogbonìṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò, akáúńtáǹtì àti ayàwòrán ilé fi ń wá iṣẹ́: “Iṣẹ́ wa dáńtọ́. Olóòótọ́ ni wá. Oníbàárà lọba lọ́dọ̀ wa. A ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ogún ọdún.”

Ohun tí oníbàárà lè rí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 1970, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Phillip Nelson pín ọjà sí méjì: èyí tí a lè yẹ̀ wò ká tó rà á, bí aṣọ, àti èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá lò ó la máa mọ̀ bóyá ó dáa. Lọ́dún 1973, Michael Darby àti Edi Karni fi ẹ̀kẹta kún un: èyí tí èèyàn lè lò tán, síbẹ̀ kó má mọ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Bí àdéhùn kan kò bá dá ìjà sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ṣé ọgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí àwọn tó fọwọ́ sí i ni kì í jà? Oníbàárà kò lè mọ̀, àmì ló ń wá. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún ọ̀mọ̀ṣẹ́ àti aláìmọṣẹ́ láti sọ kì í sì í ṣe àmì.

Ọ̀nà méjì la fi ń dán gbólóhùn wò. Yí i padà: ta ló máa kọ ọ́ pé “olóòótọ́ kọ́ ni wá”? Bí kò bá sí, gbólóhùn náà kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, yọ orúkọ rẹ, fi ti ẹni tí ẹ jọ ń du iṣẹ́ síbẹ̀. Bó bá ṣì bá a mu, pa á rẹ́. “Ogún ọdún” lè yege nínú méjèèjì, àmọ́ iye ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ti ṣí ló sọ. Ohun tí oníbàárà ń bi ara rẹ̀ ni bóyá ẹnì kan níbẹ̀ ti bójú tó irú ọ̀ràn tirẹ̀ rí.

Wo ohun tí akáúńtáǹtì lè kọ dípò rẹ̀: “Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a máa fi ìwé báǹkì wé ìwé owó yín. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, nígbà míì ó máa ń jẹ́ sọ̀wédowó tí ẹni tó ni ín kò tíì lọ gbà, nígbà míì sì rèé, owó tí báǹkì yọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni. Àwọn la máa kọ́kọ́ wá.” Kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè kọ ọ́. Kí èyí wà lójú ewé àkọ́kọ́, kí ìtàn ilé iṣẹ́ lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an, torí ó máa ń dun oníbàárà bí ọ̀gá bá wá gba iṣẹ́, tó wá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ ló ń rí. Ohun tí owó iṣẹ́ náà kò kárí ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye owó.

Lọ́dún 1976, John Bates àti Van O'Steen, agbẹjọ́rò méjì ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, polówó nínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn ló fa ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fi gbà lọ́dún 1977 pé agbẹjọ́rò lè polówó iye tó ń gbà. Òkè ìpolówó náà ní owó wọn kò gani lára, ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ìkọ̀sílẹ̀ tí tọkọtaya jọ fọwọ́ sí, dọ́là 175, àti dọ́là 20 fún ilé ẹjọ́.

Ẹ̀rù tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ṣẹ́ to ogún iṣẹ́ sójú ewé kan ni pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn bí àwọn bá dárúkọ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà dé, gbólóhùn kan péré sì ni ẹni tó ń júweni lè gbé dání. “Bó bá jẹ́ ìjà onílé àti ayálégbé ni, òun ni kó o pè” ṣe é gbé. Ogún iṣẹ́ kò ṣe é gbé. Oníbàárà tí iṣẹ́ kan bá sì ti mú wọlé ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ béèrè àwọn tó kù.