Iye Igi Sìgá Nìkan Kọ́ Ni A Fi Ń Mọ Amusìgá Paraku

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ohun tí àwọn amusìgá máa ń tètè sọ fún mi ni iye igi tí wọ́n ń mu lójúmọ́, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì pọ̀ a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, n ó sì tún béèrè pé tí wọ́n bá jí, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kí wọ́n tó ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́. Ìdáhùn yìí ló ń fi bí nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ó ń sọ sìgá di bárakú, ṣe mú ènìyàn tó hàn mí.

Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ti máa ń lọ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ẹni tí ó ń mu igi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń jí pẹ̀lú ìnira, ara rẹ̀ kò ní lélẹ̀, kò sì ní í pé ìṣẹ́jú 30 kí ó tó mu àkọ́kọ́. Kò nílò ẹlẹgbẹ́. Ikọ́ pàápàá kì í sábà dá a dúró. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́langba, nínú ilé tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ti ń mu ún. Sìgá kì í sì í ṣe àjèjì ní agbolé wa, nítorí Òṣogbo yìí ni wọ́n ti fi ilé iṣẹ́ sìgá dánra wò ní 1933, kí wọ́n tó kọ́ ti Ìbàdàn ní 1937. Iṣẹ́ àìsùn, bíi ti awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ọlọ́dẹ, àti ìbànújẹ́ ọkàn tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, a tún máa dá kún un.

Ẹni tí ó ń mu díẹ̀, tí kò tó igi 10, sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí. Ọtí, ọ̀rẹ́ àti òde àríyá ló ń ràn án létí; bí kò bá sí wọn, ilẹ̀ lè ṣú kí ó má rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé àìlówó ló mú yín dín in kù sí igi mẹ́rin tàbí márùn-ún ń kọ mí lóminú gidigidi. Igi kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2015 ka títà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ẹ sì máa ń fà á wọnú títí iná yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìka. Bí ẹ bá ń mu àkọ́kọ́ kí ẹ tó bọ́jú, paraku ni yín.

Iye kékeré náà kò sì gba ọkàn là. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń tẹ̀lé iye igi àti iye ọdún, ṣùgbọ́n ní ti àrùn ọkàn, ẹni tí ó ń mu igi kan ṣoṣo lójúmọ́ ti gbé nǹkan bí ìdajì àfikún ewu tí ẹni tí ó ń mu 20 gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ jáwọ́, ẹni tí òde ń mú mu ún lè kọ́kọ́ yẹra fún ọtí àti àwùjọ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó ń fi sìgá jí nílò oògùn tàbí ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì láti ọwọ́ dókítà, nítorí ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù, ìnira náà a sì máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.