Ikọ̀ ti ní quarterback tó dáńgájíá, kí ló tún ń wá òmíràn fún?

Kò sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn mi ń bi mí nípa Green Bay Packers tó ọ̀rọ̀ quarterback. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá. Green Bay jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọdún 1919 ni wọ́n sì ti dá Packers sílẹ̀ níbẹ̀. Láti 1992 títí dé òpin sáà 2022, ènìyàn méjì péré ló jẹ́ ọ̀gá quarterback wọn: Brett Favre, lẹ́yìn rẹ̀ Aaron Rodgers. Jordan Love ló gbà á lọ́wọ́ Rodgers. Ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé Favre ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n mú Rodgers wá, Rodgers náà ṣì ń gbá nígbà tí wọ́n mú Love wá. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe gbà á gbọ́.

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ quarterback gan-an, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dá ìjà sílẹ̀ tó báyìí?

Ìdáhùn: Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ní gbogbo ìgbà tí ikọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ wá gòólù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ á ti bọ́ọ̀lù sí i láti àárín ẹsẹ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ láti pinnu. Ṣé kó jù ú sí ẹni tó ti sáré lọ síwájú ni, ṣé kó fi lé ẹni tó fẹ́ gbé e sá lọ́wọ́ ni, àbí kó gbé e sá fúnra rẹ̀? Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́, àwọn òmìrán ikọ̀ kejì ti ń bọ̀ wá dà á wólẹ̀. Ní bọ́ọ̀lù tiwa, bí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá sùn lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn lè gbá a wọlé. Níbí, bí quarterback bá sùn, ìyà ni gbogbo ikọ̀ yóò jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kejì, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, orí bẹ́ńṣì ni yóò wà.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kò kàn lè kó quarterback mẹ́rin jọ, kí ọkàn wọn balẹ̀?

Ìdáhùn: Àyè kò gbà á. Nígbà ìgbáradì, ikọ̀ kan lè kó 90 agbábọ́ọ̀lù jọ, ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ dín wọn kù sí 53. Àwọn díẹ̀ mìíràn lè dúró fún ìdánrawò nìkan. Bí ẹni tí wọ́n lé bá jẹ́ ọmọ tuntun nídìí iṣẹ́, àwọn ikọ̀ tó kù ní wákàtí 24 láti sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí o bá fi àyè kan sílẹ̀ fún quarterback kẹta, o ti lé ẹnì kan tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn tàbí tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ wo New England Patriots ní ọdún 2000. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tom Brady, ẹni 199 nínú gbogbo àwọn ọmọ tuntun tí àwọn ikọ̀ mú lọ́dún náà. Quarterback mẹ́ta ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe ẹkẹrin, wọn kò lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ikọ̀ tó sábà máa ń ṣe irú ẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2001, wọ́n bá ọ̀gá quarterback wọn, Drew Bledsoe, ṣe àdéhùn ọdún 10 tí iye rẹ̀ jẹ́ 103 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Mo Lewis, agbábọ́ọ̀lù New York Jets, kọlù ú débi pé ó ṣèṣe gidigidi, Brady sì bọ́ sórí pápá. Nígbà tí ara Bledsoe yá, kóòṣì Bill Belichick kò dá ipò padà fún un. Patriots gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá gbogbo rẹ̀, ní oṣù Kejì 2002. Àyè kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ì bá fi ṣòfò ló bí gbogbo èyí.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń mú àwọn ọmọ tuntun?

Ìdáhùn: Wọ́n ń pè é ní draft. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe é, ìpele méje ló ní. Ikọ̀ tó ṣe burúkú jù ló máa ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ló kẹ́yìn. Ikọ̀ lè fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ikọ̀ mìíràn.

Ìbéèrè: Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀. Kí ló mú kí Packers mú Jordan Love ní 2020 nígbà tí Rodgers ṣì wà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà sí 2005, torí ẹni tí kò bá mọ ti 2005, ti 2020 kò lè yé e. Ọdún náà ni Ted Thompson di máníjà àgbà Packers. Favre ti lé ní ẹni 35. Akínkanjú ni, kì í pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jẹ, òun ló gba Super Bowl fún wọn ní oṣù Kìíní 1997. Gbogbo ènìyàn ń retí pé wọ́n á mú ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Rodgers jókòó sínú gbọ̀ngàn draft, àwọn ikọ̀ ń pe ẹlòmíràn. Alex Smith ni San Francisco fi ṣe àkọ́kọ́. Títí dé ipò 24, Rodgers ṣì wà nílẹ̀. Thompson mú un. Àwọn alátìlẹ́yìn bínú gan-an.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Rodgers fi wo ẹ̀yìn Favre. Ní 2008 Favre kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì, ó tún yí ọkàn padà, wọ́n sì tà á fún New York Jets. Ní sáà àkọ́kọ́ Rodgers, 6-10 ni wọ́n ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n borí nígbà 6, wọ́n pàdánù nígbà 10, àwọn kan sì ń bú Thompson kiri. Ní oṣù Kejì 2011, Rodgers na Pittsburgh 31-25 ní Super Bowl. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní líìgì náà.

Bí 2020 ṣe dé nìyẹn. Rodgers ti di ẹni 36, àdéhùn rẹ̀ wọ́n lówó púpọ̀, Packers sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe 13-3, San Francisco ló lù wọ́n 37-20 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Brian Gutekunst, tó rọ́pò Thompson, fún Miami ní ipò 30 àti ipò kan ní ìpele kẹrin kí ó lè sún sókè dé ipò 26. Love, láti yunifásítì Utah State, ló mú. Lọ́dún náà, kò mú ẹyọ ẹnì kan tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù.

Ìdájọ́ tèmi: ó ṣe ohun tó tọ́. Quarterback tó mọṣẹ́ kì í pọ̀, ikọ̀ tó bá ń ṣe dáadáa kì í sì rí èyí tó dára mú, torí pé ìsàlẹ̀ ni ipò rẹ̀ máa ń wà. Bí o bá wá rí ọ̀kan tó dá ọ lójú, mú un. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ikọ̀ tó bá dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀gá quarterback yẹ̀ kó tó máa wá adípò, ó lè wá a fún ọdún 10.

Ohun tí mo kórìíra níbẹ̀ ni pé wọn kò sọ fún Rodgers tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti sin ikọ̀ yín fún ọdún 15 kò yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ará ọjà. Ọgbẹ́ yẹn kò jinná títí tí wọ́n fi pínyà.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n Love kọ́ ló gba ife lọ́wọ́ wọn? Bí wọ́n bá mú ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tee Higgins lọ ní ipò 33, Michael Pittman ní 34. Wọn kò jìnnà sí ipò 26 rárá. Ní oṣù Kìíní 2021, Tampa Bay, ikọ̀ tí Tom Brady ti kó lọ, wá bá Packers nílé ní Lambeau Field, wọ́n sì nà wọ́n 31-26. Ó ṣeé ṣe kí Higgins yí èyí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí bó ṣe parí. Packers ń tẹ̀lé wọn 31-23, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì, yáàdì 8 ló kù kí wọ́n dé ìlà gòólù, ìgbìyànjú kẹrin tó jẹ́ ti ìkẹyìn sì ni. Kóòṣì Matt LaFleur ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a fún pọ́ìntì 3 dípò kí Rodgers jù ú. Wọn kò rí bọ́ọ̀lù náà mọ́. Ìpinnu ìṣẹ́jú kan lórí pápá ló dùn mí jù níbẹ̀, kì í ṣe ìpinnu draft. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, San Francisco tún lù wọ́n nílé, 13-10. Rodgers sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní sáà méjèèjì yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n mú Love. Ẹni tó bá sọ pé Love ba Rodgers jẹ́, kí ló fẹ́ fi èyí ṣe?

Ìbéèrè: Níbo ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wá já sí?

Ìdáhùn: Jets náà ni wọ́n ta Rodgers fún, ní oṣù Kẹrin 2023, bí wọ́n ti ṣe Favre gẹ́lẹ́. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, 11 oṣù Kẹsàn-án, ìgbà kẹrin tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́ ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Sáà náà parí fún un níbẹ̀. Nígbà tí draft 2024 dé, ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri ni Jets ń wá, wọ́n sì fi ipò 11 mú Olu Fashanu, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé baba rẹ̀ fún wa. Inú mi dùn sí ti Fashanu lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ní ti Love, ó bẹ̀rẹ̀ 2023 pẹ̀lú 3-6, ariwo sọ. Ó parí rẹ̀ sí 9-8, ó wọ ìdíje àwọn tó ń du Super Bowl ní ipò keje, ó sì lọ na Dallas nílé wọn, 48-32. San Francisco ló tún dá wọn dúró, 24-21.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́? Wọ́n ní owó ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn: Apá kan ni. Líìgì náà ní òdiwọ̀n iye tí ikọ̀ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù; ní 2024, 255.4 mílíọ̀nù dọ́là ni. Ọmọ tuntun tí wọ́n mú ní draft, owó rẹ̀ kéré fún ọdún mẹ́rin. Bí o bá rí quarterback tó mọ̀ ọ́n láàárín ìgbà yẹn, o lè fi owó tó kù ra àwọn mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀wọ́n: ní oṣù Keje 2024, Love buwọ́ lùwé fún 55 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan.

Ohun tí n kò lè gbà ni irú èyí tí Atlanta Falcons ṣe. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n fún quarterback kan, Kirk Cousins, ní àdéhùn 180 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n fi ipò 8 mú quarterback mìíràn, Michael Penix. Ní oṣù Kejìlá, Cousins ti wà lórí bẹ́ńṣì. Packers mú Love nígbà tí owó Rodgers ti wọ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Atlanta ra ọ̀wọ́n lónìí, wọ́n sì lọ wá adípò rẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè: Ṣé ẹni kejì ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bi San Francisco. Ní oṣù Kìíní 2023, ìgbọ̀nwọ́ quarterback wọn, Brock Purdy, bàjẹ́ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Josh Johnson tó rọ́pò rẹ̀ tún ṣèṣe ní orí. Wọn kò ní ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù mọ́. Torí rẹ̀ ni líìgì fi gba quarterback kẹta láàyè fún pàjáwìrì láti 2023.

Packers kọ́gbọ́n. Nígbà tí wọ́n ń dín ènìyàn kù ní oṣù Kẹjọ 2024, wọ́n lé quarterback méjì: Sean Clifford àti Michael Pratt, ọmọ tuntun tí wọ́n mú ní ìpele keje. Tampa Bay gba Pratt lọ. Wọ́n wá fi ipò kan ní ìpele keje ra quarterback Malik Willis lọ́wọ́ Tennessee Titans. Púpọ̀ nínú wa kò gbà á rárá, torí kò tíì ṣe nǹkan kan tó lórúkọ ní Tennessee. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Love fi ṣèṣe ní orúnkún ní São Paulo, ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí Philadelphia Eagles ti lù wọ́n 34-29. LaFleur tún gbogbo ètò ṣe fún Willis: ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà 14 péré ló ju bọ́ọ̀lù, àwọn tó kù ń gbé e sá. Wọ́n na Indianapolis 16-10. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ na Titans fúnra wọn nílé wọn, 30-14. Ìpele keje, ẹ̀yin ará! Fún mi, òun ni ìpinnu tó dára jù lọ tí Gutekunst ṣe lọ́dún náà.

Ìbéèrè: Ṣé alátìlẹ́yìn tiẹ̀ lẹ́nu nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ti Packers yàtọ̀. Kò sí olówó kan tó ni wọ́n. Àwọn ènìyàn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ló ní ìpín níbẹ̀. Wọ́n máa ń dìbò yan ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dìbò lórí quarterback, mo sì dúpẹ́ fún un, torí bí wọ́n bá dìbò ní 2005, Rodgers kò ní wọ Green Bay láéláé.

Ìbéèrè: Kí wá lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n fún Dallas ní agbábọ́ọ̀lù wọn Kenny Clark àti ipò wọn ní ìpele àkọ́kọ́ draft 2026 àti 2027, kí wọ́n lè gba Micah Parsons, tó ń da quarterback ikọ̀ kejì wólẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà tí Rodgers àti Love gbà wọlé ti dí fún ọdún méjì. Kí wọ́n padà sí àṣà Ron Wolf, máníjà àgbà wọn nígbà ayé Favre. Favre kì í ṣàìsàn, kì í sinmi, síbẹ̀ Wolf ń mú quarterback ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ṣáá: Mark Brunell ní ìpele karùn-ún ní 1993, Matt Hasselbeck ní ìkẹfà ní 1998, Aaron Brooks ní ìkẹrin ní 1999. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀gá quarterback níbòmíràn, ní Jacksonville, Seattle àti New Orleans, Packers sì rí àwọn ipò draft gbà lórí wọn nígbà tí wọ́n tà wọ́n. Ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún tó fún mi. Kí wọ́n sì pe Love sínú yàrá, kí ó gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu wọn kí gbogbo ayé tó gbọ́.