Rìsẹ́ptọ̀ ara sẹ́ẹ̀lì: ṣé ikọ́ fée (asthma) ló yí i padà, àbí oògùn?

Ìdáhùn nìyí fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí yìí l'Abẹ́òkúta.

Ìbéèrè: Kí ló ń jẹ́ rìsẹ́ptọ̀, kí ló sì kàn án nínú ikọ́ fée?

Purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì ni, òun ló ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí sẹ́ẹ̀lì. Lára iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká, bí acetylcholine, kẹ́míkà inú ara kan, bá kan rìsẹ́ptọ̀ tí wọ́n ń pè ní M3, iṣan á fún pọ̀, èémí á há. Bí salbutamol, oògùn inú inhaler búlúù, bá kan rìsẹ́ptọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ beta-2, iṣan á dẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé beta-2 ẹni tó ní ikọ́ fée kéré sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ni?

Ibí yìí gan-an ni ìwádìí ti ń forí ṣánpọ́n. Bí èèyàn bá ń fa salbutamol lemọ́lemọ́, sẹ́ẹ̀lì á fa beta-2 wọnú, iye tó kù níta á dín kù. Steroid, oògùn ikọ́ fée mìíràn, ní tiẹ̀ ń mú kó pọ̀ sí i. Bí ẹ bá wá fi aláìsàn tó ń lo oògùn wé ẹni tí kò lo nǹkan kan, oògùn lẹ wọ̀n, ẹ ò tíì wọn àìsàn. Ẹ kọ oògùn kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ àti ìgbà tó fà á kẹ́yìn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni má dá inhaler rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn wo la ó yàn l'Abẹ́òkúta?

Lẹ́yìn àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí, ẹ fi spirometry, ìdánwò tó ń wọn èémí, dá ikọ́ fée mọ̀: ẹ fún un ní 400 micrograms salbutamol, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí FEV1 (ìwọ̀n èémí tó lè fi agbára tú jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àti 200 ml lé sí i. Bí aláìsàn bá jẹ́ aláàdìrẹ ní Ìtòkú, tó ń fa òórùn kọ́sítíìkì símú lójoojúmọ́, aláàdìrẹ tí ara rẹ̀ dá ni kẹ́ ẹ fi wé e, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB. Ẹ yẹ ìgbẹ́ aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá wò pẹ̀lú: aràn máa ń gbé IgE, purotéènì ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí àlẹ́jì, sókè, IgE náà á sì mú kí rìsẹ́ptọ̀ tirẹ̀, FcεRI, pọ̀ lára basophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan. Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan tó?

Lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, ní beta-2, nítorí náà 10 ml ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò EDTA, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra dà á sórí Ficoll, omi tó ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ yí i ní agbára 400 g (kì í ṣe gíráàmù) fún ìṣẹ́jú 30, kí bíréèkì ẹ̀rọ wà ní pípa. Bó bá wà ní títàn, ìpele á dàrú, òrùka funfun tí lymphocyte wà, tẹ́ ẹ fẹ́ fà, kò ní hàn mọ́. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe iṣan ọ̀nà èémí: ẹ kọ ọ́ sínú èsì pé ti ẹ̀jẹ̀ lẹ rí. Ẹni tó bá fẹ́ ti awọ ọ̀nà èémí lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba sẹ́ẹ̀lì nínú imú, torí ó rọrùn fún aláìsàn ju kí wọ́n ti ẹ̀rọ bọ ẹ̀dọ̀fóró lọ.