Ìtẹ̀ka ni checksum, kì í ṣe òǹtẹ̀

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i tí wọ́n pe checksum, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò látinú fáìlì ká lè mọ̀ bóyá ó pé, ní "àpapọ̀ ìyẹ̀wò". Kí ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní mọ ohun tó kàn láti ṣe. Àwọn mìíràn ní òǹtẹ̀ ló yẹ ká pè é. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan ni òǹtẹ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe nǹkan náà gan-an. Ìtẹ̀ka lèmi ń pè é.

Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra débi tí ìyá wọn á fi ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, àmọ́ tí wọ́n bá ti tẹ̀ka, àṣìṣe parí. Fáìlì ISO méjì, irú èyí tá a fi ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà, lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n tóbi bákan náà, kó sì jẹ́ bíìtì kan péré ló yàtọ̀. SHA-256, ọ̀nà kan tá a fi ń ṣírò checksum, á fún oníkálùkù ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, tí kò ní jọra rárá.

Tẹ́ ẹ bá ti gba ISO Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn Linux, sórí kọ̀ǹpútà yín tán, ẹ gba fáìlì SHA256SUMS, tí ìtẹ̀ka àwọn ISO náà wà nínú rẹ̀, sínú fódà kan náà, kẹ́ ẹ ṣí tẹ́mínà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ `sha256sum -c --ignore-missing SHA256SUMS`. Tí OK bá tẹ̀ lé orúkọ ISO yín, ó pé. Tí FAILED bá jáde, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ sórí fláàṣì; ẹ tún un gbà.

Ibi tí òǹtẹ̀ ti wúlò nìyí. Ní February 20, 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ìkànnì Linux Mint, Linux mìíràn, wọ́n darí líǹkì ẹ̀dà 17.3 Cinnamon rẹ̀ sí ISO tí wọ́n ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú rẹ̀. Ẹni tó lè yí líǹkì padà lè yí ìtẹ̀ka tó wà lójú ìwé kan náà padà pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí Ubuntu fi ń gbé SHA256SUMS.gpg ti SHA256SUMS. Òǹtẹ̀ àwọn tó ṣe é nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbé síta la sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú gpg, ètò tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò: `gpg --verify SHA256SUMS.gpg SHA256SUMS`. Tá a bá wá pe méjèèjì ní òǹtẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ là á yé èèyàn pé ọ̀kan lè bára mu kí èkejì sì jẹ́ ayédèrú? Tí gpg bá ti kọ BAD signature, ẹ pa ISO náà rẹ́, ìtẹ̀ka rẹ̀ ì báà bára mu.